Ojú Méjì Lórí Owó Kan

Nígbà tí owó bá ń ṣe iṣẹ́ owó, ẹnikẹ́ni kì í wo ẹwà rẹ̀. Ṣílè tí ọwọ́ àìmọye ènìyàn ti nù títí orí ọba fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lára rẹ̀ kò kéré sí ṣílè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé tí a ti ń rọ owó. Iyọ̀ tí èkíní lè rà, òun náà ni èkejì lè rà. Ohun tí ìjọba kọ sí i lára ni iye rẹ̀, àríyànjiyàn sì parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan a máa dé tí ìjọba yóò kéde pé a kò ná owó náà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti kú gẹ́gẹ́ bí owó, tí ó sì jí dìde gẹ́gẹ́ bí ọjà. Àwọn tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ yóò máa wá a kiri, ojú wọn ni yóò sì máa sọ iye rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ènìyàn kò dọ́gba, àwọn òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ipò owó kò sì dọ́gba pẹ̀lú.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ará Lọ́ńdọ̀nù tàbí ti ará Amẹ́ríkà nìkan. Ní Èkó-Èǹdé, ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, kò ṣòro láti bá kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́ tàbí ṣílè ayé òyìnbó pàdé nínú agolo tí àgbà kan fi pamọ́. Bí oníṣòwò kan bá wọ ìlú, tí ó ní òun yóò rà á, ta ni yóò sọ bí owó náà ti dára tó? Bí òun tí ń rà bá ni ó ń wọ̀n ọ́n, tí òun kan náà sì ń dá iye lé e, kí ni ó kù fún ẹni tí ń tà láti sọ? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí owó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé àwọn baba wa ti bá ìṣòro òṣùwọ̀n pàdé tipẹ́tipẹ́.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ìkarahun kékeré ni, tí a ń kó láti inú òkun ní àwọn erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà, tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó sì ń gbé wá sí etíkun wa. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Okùn márùn-ún ni igba. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Àlùfáà Adolphus Mann, ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ fún C.M.S. ní Ìjàyè, kọ ìwé kan lórí ọ̀nà ìkàyé Yorùbá, tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Ó sọ níbẹ̀ bí a ṣe ń da àpò owó sílẹ̀, tí ẹni tí ń kà á yóò jókòó tàbí kúnlẹ̀ tì í, tí yóò máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá fà á ní ogún ìgbà, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì ni yóò sì gbá jọ di igba.

Ẹ kíyèsí ohun tí ọ̀nà yìí ṣe. Ẹni tí ń kà kò dúró láti bi ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèrè bí ó ti tóbi tó tàbí bí ó ti funfun tó. Ẹyọ kan, ẹyọ kan ni. Iye ni òṣùwọ̀n, iye sì ni ohun tí ọlọ́jà àti oníbàárà lè jọ kà kí wọ́n sì jọ gbà. Ará Ìkìrun lè bá ará Ọ̀fà ṣòwò, kí olúkúlùkù wọn ka owó náà fún ara rẹ̀, kí iye wọn sì bá ara wọn mu.

Ní àyíká 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ẹyọ mìíràn wá, láti Zanzibar àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Èyí tóbi ju ti Maldives lọ, ó wúwo jù ú lọ, ó sì ní àmì yíká ẹ̀yìn rẹ̀ bí òrùka wúrà. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ẹyọ kan síbẹ̀, aláàárù tí ó ru ti Zanzibar yóò ru iye tí ó kéré ju ti ẹni tí ó ru ti Maldives lọ, agbára kan náà ni wọn yóò sì lò. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ibì kan gba ẹyọ ńlá náà bí owó, àwọn ibòmíràn sì kọ̀ ọ́ pátápátá, wọ́n ní ti kékeré ni àwọn mọ̀. Àwọn ọkọ̀ sì kó ẹyọ wá lọ́pọ̀lọpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára owó ẹyọ fi rẹlẹ̀ gidigidi, títí ẹrù aláàárù kan kò fi lè ra ohun púpọ̀ mọ́. Ní 1904 ni ìjọba fi òfin dí kíkó owó ẹyọ wọ ilẹ̀ wa.

Nígbà tí ẹyọ méjì tí kò jọra bá ń jẹ́ orúkọ kan, orúkọ náà kò tó mọ́ láti fi ṣòwò, a ní láti bèèrè pé, “Èwo nínú méjèèjì?” Ìbéèrè kúkúrú yìí ni a óò tún gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń ra owó irin àtijọ́.

Ojú irin ni ó gbé owó irin dé agbègbè wa lọ́pọ̀ yanturu. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, lẹ́yìn èyí ni ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ó ń kó ẹ̀kùrọ́ lọ, lẹ́yìn náà ó ń kó kòkó lọ. Owó òyìnbó sì ni a fi ń san owó ọjà. Ní 1912 ni a dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, owó fàdákà tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1913: ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́. Igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn ṣílè, ọdún tí a rọ ọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Ní ti kọ́bọ̀, eépìnnì àti àníní, wọ́n ti wà ṣáájú ìgbìmọ̀ náà; ihò wà láàárín wọn, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yí ihò náà ká. Ẹni tí ó ti mọ owó sín mọ́ okùn rí kò nílò kí a kọ́ ọ ní ìwúlò ihò yìí.

Lẹ́yìn Ogun Ńlá ti 1914 sí 1918, fàdákà wọ́n gógó. Ní 1920 ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ ṣílè dípò fàdákà. Òfin sọ pé ṣílè idẹ àti ṣílè fàdákà jẹ́ ọ̀kan náà. Ojú àwọn ènìyàn sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Idẹ a máa pọ́n, a sì máa dúdú lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fàdákà mọ́lẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ sì yọ́ òmíràn fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn ayédèrú owó sì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, nítorí pé idẹ rọrùn láti fi ṣe àfarawé. Síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìjọba dúró lẹ́yìn ṣílè idẹ, ṣílè ni ó jẹ́ ní ibùdókọ̀ àti ní ibi tí a ti ń san owó orí. Àṣẹ borí ojú.

Àṣẹ náà dópin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó sì gbé owó ilẹ̀ wa jáde. Ní 1962 owó ìgbìmọ̀ àtijọ́ kò jẹ́ owó òfin mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ṣílè inú agolo àwọn àgbà bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn olùkójọ.

Àwọn olùkójọ ní èdè tiwọn, èdè náà kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí ó ti jẹ díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwòrán rẹ̀ ṣì hàn ni a ń pè ní Fine, èyí tí í ṣe “ó dára”. Èyí tí ó sàn jù ú lọ ni Very Fine. Lẹ́yìn náà Extremely Fine, tí jíjẹ rẹ̀ kò tó nǹkan. Lókè wọn ni èyí tí a kò tíì ná rí. Àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lo ọ̀rọ̀ Faransé. Très Beau ti Faransé túmọ̀ sí “ó lẹ́wà gidigidi”, ṣùgbọ́n owó tí a pè bẹ́ẹ̀ kò ju Fine ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní Amẹ́ríkà, owó tí a pè ní Good, “ó dára”, ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà ara àwòrán nìkan ni ó kù! Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyìn yìí, tí ó sì sanwó nítorí rẹ̀, yóò mọ̀ pé ìyìn àwọn olówó àtijọ́ kì í ṣe ìyìn àwa yòókù.

Ní 1949 ni William Sheldon, ará Amẹ́ríkà kan, gbìyànjú láti fi nọ́ńbà rọ́pò ọ̀rọ̀. Ó kọ ìwé lórí àwọn sẹ́ǹtì bàbà ńlá tí a rọ ní Amẹ́ríkà láti 1793 sí 1814, ó sì fi nọ́ńbà 1 sí 70 wọn ipò wọn: 1 ni èyí tí a kàn lè mọ̀ pé owó ni, 70 ni èyí tí kò ní àbùkù kan. Èrò rẹ̀ ni pé owó tí ó gba 70 yóò tó ìlọ́po àádọ́rin èyí tí ó gba 1. Ìṣirò náà kò pẹ́ tí ó fi ṣubú, nítorí pé ọjà kì í gbọ́ràn sí ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà náà dúró, wọ́n sì di òṣùwọ̀n fún oríṣìíríṣìí owó. Lẹ́yìn ikú Sheldon ní 1977 ni àṣírí tú pé ó ti mú sẹ́ǹtì tí ó dára kúrò nínú àpótí Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Owó ti Amẹ́ríkà ní New York, tí ó sì fi tirẹ̀ tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ sí ipò wọn. Ẹni tí ó mọ òṣùwọ̀n jùlọ ni ó rí àǹfààní nínú àìfojúsílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbàkígbà tí ẹni tí ń rà bá jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ òṣùwọ̀n.

Láti dín ẹjọ́ kù, a dá àwọn ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí kì í rà, tí kì í sì í tà, tí wọ́n kàn ń wo owó, tí wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà, tí wọ́n sì ń sé e mọ́ inú ike. PCGS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, NGC tẹ̀lé e ní 1987. Wọ́n ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀, pàápàá ní dídá ayédèrú mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn náà ni wọ́n fi ń wò. A mọ̀ dájú pé àwọn oníṣòwò a máa fọ́ ike, kí wọ́n sì tún fi owó kan náà ránṣẹ́, nígbà mìíràn ni ó sì ń gba nọ́ńbà tí ó yàtọ̀ sí ti ìṣáájú. Owó náà kò yípadà. Ojú ni ó yípadà.

Kí a mú ṣílè idẹ kan ti 1920, tí ó ní àmì KN ti ilé ìrọwó King’s Norton ní Birmingham. Ara imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ hàn kedere, adé ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti jẹ díẹ̀ ní ibi tí ó ga jùlọ, àbàwọ́n dúdú sì wà lára idẹ náà. Ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó le lójú lè pè é ní Very Fine. Ará Amẹ́ríkà lè pè é ní Extremely Fine láìpurọ́, nítorí pé orúkọ náà kò béèrè ohun púpọ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn tó bí ó ti ń béèrè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Extremely Fine sún mọ́ ipò tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkẹta lè wo àbàwọ́n náà kí ó sì fà á sẹ́yìn síi, bí ẹnìkejì ti ń wí pé àbàwọ́n idẹ kì í ṣe jíjẹ.

Wàyí o, kí a fi àpẹẹrẹ lásán sọ pé ìwé iye kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ náírà 2,000 sí Very Fine, ó sì kọ 6,000 sí Extremely Fine. Bí ẹni tí ń tà bá fi ojú Amẹ́ríkà wo owó rẹ̀, tí ó sì ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti mọ iye rẹ̀, yóò béèrè 6,000 fún ohun tí ìwé náà pè ní 2,000. Bí ẹni tí ń rà bá sì fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo owó, tí ó ṣí ìwé Amẹ́ríkà, òun ni yóò ré ẹni tí ń tà jẹ. Nínú méjèèjì kò sí ẹni tí ó pa irọ́ lórí ìwé. Wọ́n kàn fi òṣùwọ̀n kan wọ̀n, wọ́n sì fi òmíràn dá iye. Aláṣọ tí ó fi apá tirẹ̀ wọn aṣọ, tí ó wá fi iye ọ̀pá béèrè owó, ohun kan náà ni ó ṣe.

Àwọn nǹkan kan wà ní ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n tún ń dá kún ìṣòro yìí. Àlejò tí kò mọ owó wa lè rí ihò kọ́bọ̀ kí ó sì rò pé ẹnì kan ni ó lu ú. Ihò tí ilé ìrọwó lu kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n ihò tí alágbẹ̀dẹ lu sí etí ṣílè fàdákà láti fi ṣe ohun ọrùn jẹ́ àbùkù ńlá ní ojú olùkójọ. Bákan náà ni àṣà fífọ idẹ. Obìnrin tí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ọpọ́n idẹ rẹ̀ títí ó fi ń dán ti ṣe iṣẹ́ rere. Bí ó bá fọ ṣílè idẹ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti bà á jẹ́, nítorí pé awọ ara owó náà ti bó, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi dá a padà.

Ìtàn tí ó dùn kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀wọ́n. A rọ àníní, eépìnnì àti kọ́bọ̀ ní orúkọ ọba Edward Kẹjọ ní 1936, ọba tí ó fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà láìdé adé. Nítorí pé orúkọ ọba nìkan ni ó wà lára àwọn owó oníhò, tí kò sí àwòrán orí rẹ̀, a ti rọ wọn kí ọ̀ràn náà tó ṣẹlẹ̀, a sì ná wọn káàkiri ilẹ̀ wa. Nítorí ìtàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń rò pé ọrọ̀ ni wọ́n dì mú. Ṣùgbọ́n a rọ wọn púpọ̀púpọ̀, wọn kò ṣọ̀wọ́n. Èyí tí a kò tíì ná rí nìkan ni ipò rẹ̀ lè gbé iye rẹ̀ sókè díẹ̀.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Àgbẹ̀ kòkó lè kọ́ wa. Kí a tó sọ ìpele kòkó, olùyẹ̀wò a máa fi ọ̀bẹ la àwọn hóró rẹ̀ sí méjì, yóò sì ka èyí tí ó bu àti èyí tí kòkòrò jẹ. Olóko dúró níbẹ̀. Ó rí ohun tí olùyẹ̀wò rí. Ó lè má fẹ́ràn ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí a fi dá a. Ohun tí ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ ṣaláìní nìyẹn: orúkọ ipò ni a ń gbọ́, a kì í gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti sọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ orúkọ ipò. Kí ọmọ mú owó ní etí rẹ̀, kí ó kọ ọdún rẹ̀ àti àmì ilé ìrọwó rẹ̀ sílẹ̀, kí ó wí pé: adé jẹ níhìn-ín, imọ̀ ọ̀pẹ hàn, àbàwọ́n kan wà lọ́hùn-ún, etí rẹ̀ kò ya. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yé ará Gẹ̀ẹ́sì, ó yé ará Faransé, ó sì yé ará Èkó-Èǹdé. Bí oníṣòwò bá sì dárúkọ ipò, kí ọmọ bi í léèrè pé, “Òṣùwọ̀n ta ni ẹ fi wọ̀n ọ́n? Ìwé iye wo ni ó bá òṣùwọ̀n náà rìn?” Kí ó mú owó náà dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì kí ó tó tà á. Kí ó má sì ṣe fọ̀ ọ́.

Bí agolo kan bá wà ní ilé yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ni owó inú rẹ̀ àti ìlú tí ó ti ná an sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó lè sọ ọ́ ṣì wà láàyè. Olùkójọ ọ̀nà jíjìn lè má fi kọ́bọ̀ kan kún iye rẹ̀ nítorí èyí. Ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n rẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà, tí ó lè sọ fún ọmọ yín pé owó yìí ni a fi ta kòkó àkọ́kọ́ inú oko bàbá rẹ̀ àgbà ní ibùdókọ̀ Ìkìrun. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè kọ ìyẹn sílẹ̀, kí a tó wá béèrè iye.